Lẹ́tà Ìparí Táàmù sí Àwọn Òbí: Ọ̀rọ̀ Wáìpù àti Èédú

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ooru Lọ́ńdọ̀n yìí. Táàmù ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ti parí. Àwọn ọmọ kékeré ti ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà láìsí ẹni tó rán wọn létí, àwọn àgbà inú wọn sì ti ń ka ìwé alámì ohùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tó kù, ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, omi ìdọ̀tí ru jáde nínú ilé ìyàgbẹ́ gbọ̀ngàn tí a ń háyà, a sì ní láti pè yín pé kí ẹ wá mú àwọn ọmọ lọ kí àkókò tó tó. Púlọ́ńbà ti wáyà gígùn bọ ihò, ó fa wáìpù mọ́kànlá jáde, ìyẹn ìnura tútù tí a ń lò sọnù, wọ́n ti lọ́ mọ́ra bí okùn. Mo dúró tì í. Kò sí ọ̀kan tó ya níbẹ̀. Òdòdó tí wọ́n tẹ̀ sára èyí tó wà lókè ṣì ń hàn kedere. Owó ìwé àwọn ọmọ la fi san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dùn mí.

Wáìpù jọ tíṣù lójú, àmọ́ ike wà nínú púpọ̀ nínú wọn, omi kì í tú u. Èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá á lọ bá ọ̀rá tí wọ́n ń dà sínú síǹkì, wọ́n á dì pọ̀. Ní 2017, irú ìdì bẹ́ẹ̀ kan wà nínú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n: ó gùn tó mítà 250, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Èyí tó bá sì dé Beckton, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí apá púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀n, ajọ̀ irin ló máa dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wáìpù, páàdì, igi ìnutí, ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ní í máa há sára ajọ̀. Ààtàn ni wọ́n sábà máa ń kó irú rẹ̀ lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, tàbí kí wọ́n sun ún.

Àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á fọ ohun tó há sára ajọ̀ náà, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á mú kí ó gbẹ, wọ́n á wá gbé e sínú ìléru irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí ooru rẹ̀ tó 500°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan á di gáàsì tí wọ́n lè fi dá iná ìléru náà. Ohun dúdú tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní biochar. Ọmọ kan béèrè pé kí ni Yorùbá rẹ̀. Olùkọ́ wọn dáhùn pé, "Èédú ni."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá mi àgbà ń ṣe èédú nítòsí Ìṣẹ́yìn. Wọ́n á to igi, wọ́n á fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á finá sí i, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Mo rántí òru kan tí òkìtì náà sán, tí bàbá sáré gbé ṣọ́bìrì láti dí i. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé pẹ́nrẹ́n, eérú ni wọn yóò bá láàárọ̀.

Bí wọ́n bá tún fi oru omi gbígbóná la ihò wẹ́wẹ́ ara èédú sí i, ó lè di ohun tó ń fa ẹ̀gbin mọ́ra nínú omi, títí kan àṣẹ́kù oògùn tí a lò. Gíráàmù 1 péré èédú tó dára, bí a bá tẹ́ ojú gbogbo ihò rẹ̀ sílẹ̀, ó lè ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ. Ohun tó dí ilé ìfọmi lọ́nà á wá padà bá wọn fọ omi. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé o, nítorí èéfín ike léwu.

Ní kíláàsì, èédú tí wọ́n ń tà fún omi inú àpótí ẹja la lò. A kó o sínú ìdajì ìgò, a da omi aláró búlúù lé e. Omi tó ń kán nísàlẹ̀ mọ́ gaara. Ọmọ kan pariwo pé, "Ma, èédú ti mu búlúù náà!"

Láti táàmù tó ń bọ̀, garawa olómorí á wà nínú ilé ìyàgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ pé inú rẹ̀ ni wáìpù àti páàdì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ̀ pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń lọ sílé lọ́lidé yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta èédú bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó sì gba ohùn ẹni náà sílẹ̀ bó bá gbà á láàyè.

A ó wọlé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, agogo 10 àárọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé Ẹ̀kọ́