Ẹ Gbẹ́ Gọ́tà Kí Ẹ Tó Fá Ọ̀nà Oko Wa

Sí Olóòtú,

Ìbínú ni mo fi gbé kálámù lónìí, n kò sì ní fi pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lójú ọ̀nà abúlé kan ní agbègbè Ìsin, mo dúró nínú òjò, mo ń wo epo pupa kẹ́ẹ̀gì kan bó ṣe ń bá ọ̀gbàrá lọ. Àbúrò ìyá mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ṣa ẹyìn rẹ̀, tó sè é, tó gún un, tó sì fi omi yọ epo rẹ̀. Kì í ṣe òjò ni mo ń bínú sí. Àwọn tó fi katapílà fá ọ̀nà yẹn ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá láìgbẹ́ gọ́tà kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Òjò ti ṣú nígbà tí mo kúrò lábúlé, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó gbé mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó, ní a ó dé títì Òmù-Àrán kó tó rọ̀. A kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tó fi bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, omi ti kún ojú ọ̀nà láti etí kan dé èkejì, nítorí pé ojú ọ̀nà náà ti jìn ju oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: ebè iṣu wà lókè, àwa tó wà lórí alùpùpù wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń la odò kọjá. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, amọ̀ pupa náà ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, táyà ẹ̀yìn ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, yanrìn tí ọ̀gbàrá kó jọ síbẹ̀ ti fara pamọ́ sábẹ́ omi. Táyà iwájú rì sínú rẹ̀, ó dúró gbagidi, a sì ṣubú. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì fò. Ilẹ̀ pupa, omi pupa, epo pupa, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, àfi òórùn epo tuntun tó gba gbogbo ibẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni ọmọkùnrin náà ń wí, bẹ́ẹ̀ orúnkún tirẹ̀ ló bó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọdọọdún ni wọ́n ń fá ọ̀nà náà, ọdọọdún ló sì ń burú sí i. Katapílà á dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ha ilẹ̀ líle tó wà lókè kúrò, á tì í jọ bí òkìtì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì bá tirẹ̀ lọ. Òkìtì yẹn gan-an ló ń di odi tí kì í jẹ́ kí omi ráyè wọ inú igbó. Omi tí kò bá sì rí ibi yà sí, ojú ọ̀nà ni yóò gbà. Yóò kó iyẹ̀pẹ̀ lọ, yóò fi òkúta sílẹ̀ lókè, yóò sì da yanrìn sí ìsàlẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí ní etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì gun alùpùpù lórí yanrìn ibẹ̀ nínú òjò. Yanrìn ibẹ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń le díẹ̀ lábẹ́ táyà bí òjò bá rọ̀ sí i. Ìgbà tó bá gbẹ ló máa ń gbé táyà mì. Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kì í tètè mu omi, nítorí náà ẹni tó bá la ọ̀nà fún èèyàn níhìn-ín láìla ọ̀nà fún omi kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Gọ́tà ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ọ̀dà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì máa yà á sínú igbó lóòrèkóòrè níbi tí ilẹ̀ bá ti dà, kí omi má baà kó ara jọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ sí àárín, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, títí ọ̀nà yóò fi ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá. Níbi tí odò kékeré bá ti dá ọ̀nà kọjá, kí wọ́n ri páìpù sìmẹ́ǹtì ńlá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé lè fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ gọ́tà náà bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún wọn, àwọn náà ni kí wọ́n sì máa kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò, torí gọ́tà tó dí kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò gbẹ́. Kí àwọn ọkọ̀ agbégẹdú náà yé gba ibẹ̀ nígbà òjò, kí àwọn ọlọ́kadà sì máa dé akoto.

Kí aláṣẹ kankan má sọ fún wa pé iṣẹ́ ọ́fíìsì mìíràn ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Àwọn tó ń wá ìbò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wá bá wa, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa. Òjò kò tí ì bá wọn lójú ọ̀nà yẹn rí. Mo tún un sọ: fífá ọ̀nà láìgbẹ́ gọ́tà ló ń ba ọ̀nà wa jẹ́, kì í ṣe òjò.

Bí katapílà bá tún ń bọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí àwọn tí yóò gbẹ́ gọ́tà ṣáájú rẹ̀ dé.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, ìpínlẹ̀ Kwárà.