Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà. Lẹ́tà tí ará Ìkẹ́rẹ́ kan kọ tí ẹ gbé jáde ló mú mi jókòó kọ èyí, ẹni náà ní kí ìjọba Èkìtì má dá àwọn tó ń pariwo sọ́fítíwià olómìnira (èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó ṣí i wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in) lóhùn rárá, pé kọ́múníísì ni gbogbo wọn, pé ohun tí èèyàn ò bá fowó rà kò lè dáa láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn dá wàhálà sílẹ̀ níbi fẹ́ńdọ̀ tí mo ti ń ra ìwé yín ní Fájuyì (mò ń rà á o, mi ò sí lára àwọn tó máa dúró kà á tán lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n á wá ká a padà bíi pé ọwọ́ ò kàn án rí), àríyànjiyàn náà le débi pé àwọn tó wá wo èsì bọ́ọ̀lù dá sí i, ẹnì kan ń pe Awólọ́wọ̀, ẹnì kan ń pe owó epo, ẹnì kan ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ Linux (sọ́fítíwià olómìnira tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà) ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹgbẹ́ tó wà fún òun ná.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní l'Ádó níbí, a máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tókọ́pì, pírọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ló pọ̀ jù. Torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yé mi jù, ìyẹn bébà tó há sẹ́nu ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan fún wọn níbẹ̀, bébà ń há sí i ṣáá, ó wá fẹ́ tún kóòdù ẹ̀ ṣe, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ tí sọ́fítíwià fi ń ṣiṣẹ́, kó lè máa ta wọ́n lólobó lórí kọ̀ǹpútà nígbàkigbà tí bébà bá há, wọ́n ní kò lè rí kóòdù náà, ọkùnrin tí kóòdù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti fọwọ́ síwèé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Inú bí i. Ní oṣù kẹsàn-án 1983 ló kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ sọ́fítíwià olómìnira tí kọ̀ǹpútà máa fi ṣiṣẹ́, ó dá ẹgbẹ́ Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Ohun tó ń bèèrè ò ju pé kí ẹni tó ń lo sọ́fítíwià lè lò ó bó ṣe wù ú, kó lè ṣí i wò kó sì tún un ṣe, kó lè fún ẹlòmíì, kó sì lè pín èyí tó ti tún ṣe. Ibo ló ti ní kí wọ́n má tà á? Òun fúnra ẹ̀ ń ta téèpù Emacs, sọ́fítíwià ìkọ̀wé tó kọ, ní 150 dọ́là nígbà yẹn, owó yẹn ló fi ń jẹun.

Kí ará Ìkẹ́rẹ́ wa bá mi bi IBM bóyá kọ́múníísì làwọn náà, àwọn tó san 34 bílíọ̀nù dọ́là ní 2019 láti ra Red Hat, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí Linux ló ti lówó. Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà kan, fi Linux wé jẹjẹrẹ ní 2001, nígbà tó fi máa di 2018 Microsoft kan náà ti fi 7.5 bílíọ̀nù dọ́là ra GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ ń kó iṣẹ́ wọn sí. Fóònù Android tó wà lápò gbogbo àwa tá à ń jiyàn ní Fájuyì, Linux ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́múníísì sílẹ̀ jàre.

Èyí tó ṣòroó dáhùn lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló sọ ọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń fowó ra Windows l'Ékìtì tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń bá wa wá ọ̀fẹ́ kiri?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òótọ́ ló kúkú sọ. Gbogbo wa la mọ bí Windows ṣe ń dórí kọ̀ǹpútà níbí, wọ́n á ki fláàṣì bọ̀ ọ́, wọ́n á gbowó iṣẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé Bill Gates fúnra ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ní 1998 nígbà tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington sọ̀rọ̀? Ó ní àwọn ará Ṣáínà ò sanwó sọ́fítíwià, wọ́n ń jí i lò ni, pé tí wọ́n bá máa jí náà, ti àwọn ni kí wọ́n máa jí, ó máa mọ́ wọn lára, àwọn á wá wá ọ̀nà tí àwọn máa gbà gbowó lọ́wọ́ wọn tó bá yá.

Ẹ̀yin tí ìdílé yín dá oko kòkó, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Onílẹ̀ kì í yọ àtìpó lẹ́nu lọ́dún tó ń ṣánko, á jẹ́ kó máa gbin kòkó lọ, ìgbà tí kòkó bá ti so, tó ti kọ́lé síbẹ̀ tó ti bímọ síbẹ̀, ìgbà yẹn ló máa mọ ẹni tó nilẹ̀, ọdọọdún ló sì máa san, torí kò sí bó ṣe fẹ́ di igi kòkó rù kó gbé e lọ.

Bí Windows náà ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Windows 11 náà rèé, ó ní òun ò gba ẹ̀rọ tí kò bá ní TPM 2.0, ohun ààbò kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà tuntun, bẹ́ẹ̀ tòkúnbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tá à ń rà láti Computer Village n'Íkẹjà, àgbà ti dé sí wọn. Ẹ̀rọ yẹn ò bà jẹ́ o, ó ń tan, ó ń tẹ̀wé, bátìrì ẹ̀ ṣì ń gbé e, wọ́n kàn jókòó sí Amẹ́ríkà sọ pé àsìkò ẹ̀ ti tó ni. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ sanwó bí ọmọlúàbí, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e, kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báǹkì, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,500. Sọ́fítíwià ọ̀hún ò fi nǹkan kan dáa sí i.

Kì í ṣe pé sọ́fítíwià olómìnira náà ò níṣòro. Wọ́n á gbé pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi Word tẹ̀ wá, LibreOffice, sọ́fítíwià olómìnira tá a fi ń ṣe iṣẹ́ Word, á tú tábìlì inú ẹ̀ ká, ọmọ ọlọ́mọ á máa sunkún pé sùpáfáísọ̀ máa pa òun. Ìlú Munich ní Jámánì dìbò ní 2003 pé àwọn ń lọ sí Linux, wọ́n bá a débì kan, ní 2017 wọ́n ní àwọn ń padà sí Windows. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, sọ́fítíwià olómìnira ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ìjọba, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá dáadáa, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé àwọn ọmọ Kerala ò mọ kọ̀ǹpútà. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí Fáyẹmí jẹ gómìnà lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n pín kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ iléèwé, Fáyóṣe dé, ó gbé stomach infrastructure dé, ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ, a sì ń jiyàn títí dòní lórí èwo ló dáa nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó bèèrè sọ́fítíwià wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn àti ta ló máa tún un ṣe tó bá yá. Bó ṣe rí pẹ̀lú ìdìbò náà nìyẹn. BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi ń yẹ olùdìbò wò, ni wọ́n lò fún ìbò gómìnà wa lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà 2022, nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023 èsì ìbò ààrẹ ò gun orí IReV, ojú ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì tí aráàlú ti ń wo èsì ìbò, bí INEC ṣe ṣèlérí, wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọṣẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé wọn nìkan la ní, aráàlú ò lè ṣí kóòdù wò. Mo mọ̀ pé kóòdù tó wà ní gbangba ò lè dá "dìbò kóo sebẹ̀" dúró, ẹni tó máa gbowó máa gbà á lójú Linux lójú Windows, àmọ́ ó kéré tán á dín iyàn tí à ń fi ojoojúmọ́ jà kù, a ó lè mọ èyí tó jẹ́ tẹ̀rọ àti èyí tó jẹ́ tèèyàn.

Èkìtì ló kọ́kọ́ sọ òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba di òfin ìpínlẹ̀, 2011 ni, ẹ jẹ́ ká lò ó. Mo ti ń kọ ìwé kan sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́: èló ni wọ́n ń san lọ́dún lórí láísẹ́ńsì sọ́fítíwià, ta ni wọ́n ń san án fún, ṣé náírà ni àbí dọ́là, àti pé èyí tí wọ́n bá fi owó wa gbé fún kọ́ńtáráátọ̀ láti kọ, ta ló ni kóòdù ẹ̀ tí kọ́ńtáráátọ̀ bá ti lọ. Ará Ìkẹ́rẹ́ wa lè wá fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi tó bá wù ú, owó orí tiẹ̀ náà kúkú wà níbẹ̀. Èsì tí wọ́n bá fún wa, màá fi ṣọwọ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan, Adó-Èkìtì