Òkè tó wó ló dá Roquefort sílẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí èèyàn bá ti gbọ́ Roquefort, wàràkàṣì tó ní àmì búlúù nínú ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn òǹkàwé pé abúlé ni, àti pé láìsí ilẹ̀ abúlé náà, kò ní sí wàràkàṣì ọ̀hún.

Roquefort-sur-Soulzon wà ní Aveyron, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò jìnnà sí ìlú Millau. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 1,000. Ìsàlẹ̀ òkè Combalou ni wọ́n kọ́lé sí, lókè odò kékeré tó ń jẹ́ Soulzon. Òkúta ẹfun ló wà lókè Combalou, amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi òjò ń rìn gba inú òkúta ẹfun, ṣùgbọ́n tó bá kan amọ̀, kò ríbi lọ mọ́. Amọ̀ á rọ̀, á sì máa yọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ òkè náà tó kọjú sí àríwá ṣe ya lulẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn. Àwókù rẹ̀ gùn tó kìlómítà 2, ó sì fẹ̀ tó mítà 300. Irú ilẹ̀ olókùúta bẹ́ẹ̀, tí òjìji òkè ń bò, kò ṣe é fi dáko.

Àmọ́ àpáta tó wó lu ara wọn kò dì pa. Àlàfo wà láàárín wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pe àwọn pàlàpálá yìí ní fleurines. Tí a bá fọwọ́ sẹ́nu ọ̀kan, atẹ́gùn tútù ni yóò fẹ́ lù ú, nítorí ó ti fara kan òkúta tó ń sun omi kó tó dé inú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ti ń mú wàràkàṣì gbó. Ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi máa ń wà ní ìwọ̀n 8 sí 12 Celsius, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì sún mọ́ 95 nínú 100. Ilẹ̀kùn kéékèèké ni wọ́n fi sẹ́nu fleurines: bí inú bá fẹ́ gbóná tàbí kó gbẹ, wọn á ṣí i, bó bá tutù jù, wọn á pa á dé.

Wàrà abo àgùntàn tí ìran rẹ̀ ń jẹ́ Lacaune, tí wọn kò sè rárá, ni wọ́n ń lò. Èbu tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ń jẹ́ Penicillium roqueforti. Láyé ọjọ́un, inú búrẹ́dì ọkà ráì tí wọ́n gbé sínú àjà ilẹ̀ títí tó fi bu ni wọ́n ti ń rí i, tí wọn á wá lọ̀ ọ́ kúnná. Wọn kì í tẹ wàrà dídì náà, kí àlàfo lè wà nínú rẹ̀. Wọn á fi iyọ̀ pa á lára, wọn á sì fi abẹ́rẹ́ gún un, torí èbu kì í hù níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Bí ihò náà bá dí, funfun ni àárín rẹ̀ yóò wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tẹ̀wọ̀n tó kílò 2.5 sí 3. Ìhòòhò ni wọ́n ń tò ó sórí pákó igi óòkù, ó kéré tán fún ọjọ́ 14, kí wọ́n tó fi bébà fọ́ìlì wé e, kí wọ́n sì gbé e síbi tó túbọ̀ tutù. Bí wọ́n bá pẹ́ jù kí wọ́n tó wé e, èbu á ràn kọjá ààlà. Kò gbọ́dọ̀ dé ọjà kó tó pé 90 ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ní ti ìtàn, ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, yin Roquefort. Kò dárúkọ abúlé yìí rárá. Wàràkàṣì Lesura àti ti Gabali, àwọn àgbègbè míì ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká di ọdún 1411 mú, nígbà tí Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará Roquefort nìkan láṣẹ àtimú wàràkàṣì wọn gbó. Ní 1666, ilé ẹjọ́ gíga Toulouse ní kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó bá ta ayédèrú. Òfin ilẹ̀ Faransé dáàbò bo orúkọ náà ní 1925, òun sì ni wàràkàṣì àkọ́kọ́ tó rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ gbà níbẹ̀.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Millau ní 1961 ló ṣe kókó jù lójú mi. Wọ́n ní èyí tó bá gbó sínú ihò àdáyébá àwókù Combalou, ní ilẹ̀ Roquefort, nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Àwókù òkè náà ni wọ́n fi pààlà.

Èmi ni òǹkàwé yín.