Ẹ́ńjìnnì Ojú Irin Íńdíà Kì í Ṣe Ọrẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti fèsì sí òǹkàwé yín kan tó kọ̀wé pé ńṣe ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ojú irin ta Íńdíà lọ́rẹ. Ọjà ni wọ́n tà fún wọn, àwọn ará Íńdíà ló sì sanwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1853, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Sahib, Sindh àti Sultan wọ́ kẹ̀kẹ́ èrò 14 láti Bombay lọ sí Thane, ìrìn kìlómítà 34, èèyàn bíi 400 sì wà nínú rẹ̀. Ìbọn ńlá 21 ni wọ́n yìn lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Lancashire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rọ àwọn ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, ọkọ̀ òkun ló sì kó wọn dé. Ní 1855, ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ni wọ́n ti rọ ẹ́ńjìnnì Fairy Queen tó lọ ṣiṣẹ́ ní apá Calcutta. Manchester àti Glasgow náà kò gbẹ́yìn nínú òwò yìí.

London ni àwọn ilé iṣẹ́ tó la ọ̀nà irin náà ti kó owó jọ, ìjọba sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó dáwó yóò máa gba èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀nà irin kò bá pa tó bẹ́ẹ̀ wọlé, owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n fi ń dí i. Ẹni tí èrè rẹ̀ ti dájú báyẹn, kí ni yóò máa ná ọjà sí?

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ti ìbú ojú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 6 ni wọ́n yàn fún Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀ ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rọ ní Leeds fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè rìn lórí irin Leeds fúnra rẹ̀.

Kì í sì ṣe pé iṣẹ́ rírọ ẹ́ńjìnnì ju ọwọ́ àwọn ará Íńdíà lọ. Láti 1862 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Jamalpur sílẹ̀ ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tí wọ́n ń lẹ ìkòkò omi tó jò, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ilé iṣẹ́ Ajmer, ní Íńdíà náà, rọ odindi ẹ́ńjìnnì kan ní 1895, Jamalpur sì rọ èyí tí wọ́n pè ní Lady Curzon ní 1899. Síbẹ̀, ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé láàárín 1865 sí 1941, nǹkan bí 12,000 ẹ́ńjìnnì ló ti Gẹ̀ẹ́sì wọ Íńdíà, nígbà tí èyí tí wọ́n rọ ní Íńdíà fúnra rẹ̀ kò ju bíi 700 lọ.

Lẹ́yìn òmìnira Íńdíà ni ilé iṣẹ́ tó ń rọ ẹ́ńjìnnì ní Chittaranjan bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì olóru àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀ ní 1950. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ rírọ ẹ́ńjìnnì olóru dúró níbẹ̀ ní 1972, wọ́n ti rọ 2,351.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.