Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ibi Tí Owó Àwọn Ilé Sitges Ti Wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Sitges, ìlú etí òkun kan ní Katalóníà, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, tí kò jìnnà sí Barcelona. Òǹkọ̀wé yín yin etíkun náà, ó yin àjọ̀dún sinimá tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti 1968, n kò sì bá a jiyàn. Àmọ́ nígbà tí ó kan àwọn ilé aláràbarà tó wà láàárín ìlú, ohun tó sọ kò ju pé àwọn olówó àtijọ́ ló kọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá.

Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn jẹ́ ti àwọn tí ará ìlú ń pè ní "americanos", ìyẹn àwọn ọmọ Sitges tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kúbà àti Puerto Rico, tí wọ́n ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì kó èrè wọn wálé. Ọ̀nà òwò yìí gbòòrò lẹ́yìn 1778, nígbà tí Ọba Carlos Kẹta gba ọ̀pọ̀ èbúté Sípéènì, tí Barcelona wà lára wọn, láàyè láti máa bá àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣòwò tààrà. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lára àwọn americanos náà ni Facundo Bacardí Massó, tí wọ́n bí ní Sitges ní 1814, tó sì dá ilé iṣẹ́ ọtí rọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní Santiago de Cuba ní 1862.

Láti ara ìrèké ni rọ́ọ̀mù ti ń wá, ẹrú ló sì ṣì ń gé ìrèké ní Kúbà lọ́dún náà, nítorí pé 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa, tí ogun tó tú Òwu àti Ọ̀yọ́-Ilé ká sọ di ẹrú, wà lára wọn. Àwọn ni Kúbà ń pè ní Lukumí, tí Ṣàngó àti Yemọja wọn kò kú síbẹ̀ títí di òní. N kò sọ pé gbogbo oníṣòwò Sitges ló ní ẹrú, torí ọ̀pọ̀ wọn kàn ń ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n oko ìrèké ni orísun owó tó ń yí kiri ní erékùṣù náà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó lẹ́wà níbẹ̀ ló ti Kúbà wá o. Ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Deering, ló náwó sí ààfin Maricel. Ayàwòrán Santiago Rusiñol ló ni Cau Ferrat, tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1933; ó ra àwòrán méjì tí El Greco, ayàwòrán àtijọ́, yà, wọ́n sì fi ayẹyẹ gbé wọn wọ ìlú ní 1894. Èmi ìbá fún ìtàn yìí láàyè ju ọ̀rọ̀ oòrùn àti yanrìn lọ.

Ilé Bacardí wà nínú ọjà àtijọ́ ìlú náà fún àlejò tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ọtí. Bí ẹ bá tún ń rán akọ̀ròyìn lọ, ẹ jẹ́ kó béèrè ìtàn àwọn tó gé ìrèké náà pẹ̀lú, kó sì yà sí Vilanova i la Geltrú tó wà nítòsí, ìlú tí wọ́n fún ní ìnagijẹ Havana Kékeré.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.