Ọjà Dá Páro Nígbà Tí Yunifásítì Tì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé kíkọ́ àti ìwádìí nìkan ni yunifásítì wà fún. Ẹ jẹ́ ká wo Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) wà. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Olóúnjẹ, ọlọ́kadà, onífọ́tókọ́pì, onílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lára. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà lè má kàwé rárá, síbẹ̀ owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ń rán ọmọ tirẹ̀ níléèwé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan o. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá tó so mọ́ yunifásítì náà, ń tọ́jú aláìsàn láti Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: bí ìjọba àti àwọn olùkọ́ bá tún fẹ́ jókòó ṣèpàdé, ẹ pe ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ ìlú náà sí i, kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ kan