Ta ló ní Gíríìkì kọ ìdọ̀bálẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo kọ́ Gíríìkì díẹ̀ láyé ọjọ́un nílé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo dẹ̀ ti pa á tì tipẹ́, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n tún wá ìwé mi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó wá kí mi, ó dúró gbọn-in bí òpó iná, ó na ọwọ́ sí mi. Mo ní kí ló dé? Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, pásítọ̀ wa ti ṣàlàyé pé ìsìn Ọlọ́run nìkan ni proskuneo, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Bíbélì ń lò fún ìforíbalẹ̀, pé ẹni bá dọ̀bálẹ̀ fún Alákétu tàbí fún àgbà, òrìṣà ló ń bọ.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, pros ni "sí ọ̀dọ̀", kuneo ni "fẹnu ko", bí àwa náà ṣe kó fi, orí, bà àti ilẹ̀ pọ̀ tó di foríbalẹ̀. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, sọ pé àwọn ará Páṣíà tí wọ́n bá jọ wà lẹ́gbẹ́ á fẹnu kora wọn lẹ́nu tí wọ́n bá pàdé, tí ọ̀kan bá relẹ̀ díẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, tó bá wá relẹ̀ gan-an á wólẹ̀ á ṣe proskuneo fún ẹnì kejì, èèyàn sí èèyàn o. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 23:7 lédè Gíríìkì, Ábúráhámù ṣe é fáwọn ọmọ Hétì nígbà tó ń wá ibi tó máa sin Sárà sí, ṣé ó bọ wọ́n ni? Ẹrú tó jẹ gbèsè nínú Mátíù 18:26 náà ṣe é fún ọ̀gá ẹ̀.

Ọmọ náà ní bí wọ́n ṣe tò ó nínú gbólóhùn ló yàtọ̀, pé ti Ọlọ́run ò rí bíi ti èèyàn. Lóòótọ́, àwọn Gíríìkì àtijọ́ kì í sábà fi nǹkan tó jọ "fún" sí i, Májẹ̀mú Tuntun ló ń fi sí i dáadáa, ṣùgbọ́n Jòhánù 4:23 lo méjèèjì, èyí tó ní "fún" àti èyí tí kò ní, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, Baba kan náà ló dẹ̀ ń sọ! (Tó bá ti di ohun tó ti kọjá, wọ́n á tún há "e" sáàárín, prosekunesa, bí èrò kẹta lórí zẹ́mì, ọ̀kadà wa níbí.)

Ó ní òun á bi pásítọ̀. Lálẹ́, bàbá ẹ̀ pè mí, ó ní ó ti dọ̀bálẹ̀ fóun o, àyà ẹ̀ nìkan ni ò kanlẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kétu